Básíkù Nínú Ọkọ̀ Èrò: Èló Ni Ó Tọ́ Kí Ọlọ́kọ̀ Gbà?

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN ÀWỌN ÒǸKÀWÉ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lẹ́tà márùn-ún ni a gbà láti Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ni owó tí àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń bù lé owó ọkọ̀ nígbà tí èrò bá gbé kẹ̀kẹ́ ológeere dání. Nítorí náà, a yọ̀ǹda gbogbo ojúewé yìí fún un. Básíkù ni a ó máa pe kẹ̀kẹ́ ológeere nínú àwọn ìdáhùn wa, nítorí pé bí ènìyàn bá sọ pé òun gun kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì Ìkòròdú lónìí, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí àwọn náà ṣe fẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Káfíńtà ni mí, Ìgbógbo ni mo ń gbé, Ògùdù sì ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí wà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ gbogbo sì fò sókè, mo fara dà á títí, kí n tó wá ra básíkù tòkunbọ̀ kan. Mo máa ń gùn ún láti ilé dé gáréèjì Ìkòròdú, mo máa ń gbé e wọ danfó dé Kétu, mo sì tún máa ń gùn ún gba Alápẹ̀rẹ̀ bọ́ sí Ògùdù. Ọkọ̀ kéékèèké méjì ni mo fi bẹ́ẹ̀ yọ kúrò nínú ìnáwó mi ní àlọ, mo sì yọ méjì ní àbọ̀. Danfó àárín yìí ni ìṣòro mi. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, kọ̀ńdọ́ gba ìdajì owó ọkọ̀ lórí básíkù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹlòmíràn ní kí n san owó èrò méjì lé tèmi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó tó gbẹ̀yìn ni ó gbé e sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè jókòó. Ní Ọjọ́rú, èmi àti kọ̀ńdọ́ fẹnu kò sí iye kan ní gáréèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Mile 12 ó ní iye náà kò tó mọ́, pé bí n kò bá fi kún un, òun yóò já básíkù mi sílẹ̀ sójú títì. Mo san án kí n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ṣé òfin wà tó sọ iye tó yẹ kí n san? Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí n san ohunkóhun lórí básíkù?

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ẹ kú wàhálà ojú ọ̀nà. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ mú, nítorí orí rẹ̀ ni èyí tó ṣáájú dúró lé. Ní èrò tiwa, ó tọ́ kí básíkù san nǹkan nínú danfó bí ó bá gba àyè tí ọlọ́kọ̀ ì bá fi pa owó. Kò tọ́ kí ó san owó ìjókòó tí kò gbà. Bí wọ́n bá gbé básíkù sórí ìjókòó, tí èrò méjì kò sì ríbi jókòó nítorí rẹ̀, ẹni tó ni ín jẹ ọlọ́kọ̀ ní owó èrò méjì, kò sì yẹ kí ó jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìjókòó tó gbẹ̀yìn tí ẹ sọ yìí, àyè ẹrù ni. Yálà básíkù yín wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀, kọ̀ńdọ́ kò lè tà á fún èrò. Owó ẹrù ni ó lè gbà lórí rẹ̀, owó ẹrù kì í sì í ṣe owó èrò. Kọ̀ńdọ́ ọjọ́ Ajé tó gba ìdajì ṣì sún mọ́ ẹ̀tọ́. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ́ yín jẹ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹrù ṣe rí fún àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà Mile 12. Ẹni tó ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan àti àpò ata kan níbẹ̀, tó sì fẹ́ kó wọn wá sí Ṣábọ̀ tàbí Òdogúnyàn, ti mọ iye tí apẹ̀rẹ̀ ń san kí ó tó kúrò nídìí ìsọ̀. Ó lè dúnàádúrà, inú sì lè bí i, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ńdọ́ tí yóò dédé pe iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí tí àwọn èrò yòókù kò ní pariwo mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ rí. Básíkù kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń rí nínú danfó lójoojúmọ́. Kọ̀ńdọ́ kò mọ iye rẹ̀, àwọn èrò kò mọ iye rẹ̀, ẹni tó ni ín pàápàá kò mọ̀ ọ́n; ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni tó sì ń wọ̀n ọ́n náà ni yóò gba owó. Ìdí nìyí tí iye fi ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. A kò gbà pé olójúkòkòrò ni gbogbo kọ̀ńdọ́. Ohun tí a gbà ni pé nǹkan tí kò bá ní iye lọ́jà, ẹni tó ń kánjú jù ni yóò san án jù, ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ sì ń kánjú jù.

Ní ti òfin, ohun tí ẹ lè dì mú wà nínú òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2018. Apá 115 rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ fún ará ìlú gbọ́dọ̀ gbé iye rẹ̀ síta níbi tí oníbàárà yóò ti rí i, àti pé kò gbọ́dọ̀ fi dandan gba iye tó ju èyí tó gbé síta lọ. Ibòmíràn nínú òfin kan náà kọ̀ fún un láti fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ìyọlẹ́nu bá oníbàárà lò. Ẹ má wá básíkù kiri nínú ìwé náà, nítorí òfin gbogbo ọjà àti gbogbo iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n gbígbé èrò jẹ́ iṣẹ́ tí à ń sanwó fún, danfó kò sì sí lẹ́yìn odi òfin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé danfó tó lẹ iye owó ọkọ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Èkó. Ìhàlẹ̀ pé òun yóò já básíkù yín sílẹ̀ sójú títì lẹ́yìn tí ẹ ti fẹnu kò ni ó burú jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí wa. Ó burú ju owó èrò méjì ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, nítorí pé ẹni tó pe owó gọbọi ní gáréèjì ṣì fún yín láyè láti wọ ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró dé Mile 12 kí ó tó yí ohùn padà mọ̀ pé kò sí ibi tí ẹ ó yà sí. Àdéhùn tí ẹni méjì fẹnu sọ, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣẹ, àdéhùn ni, bí kò tilẹ̀ sí ìwé láàárín wọn.

Nítorí náà, kí básíkù tó kúrò nílẹ̀, ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ohùn tí awakọ̀ yóò fi gbọ́, nítorí pé òun ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé danfó tó pe Kétu ní gáréèjì lè já èrò sí Mile 12 bí ọ̀nà bá dí, kí kọ̀ńdọ́ sì fà yín lé ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ọkọ̀ kejì yìí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣàdéhùn, yóò sì tún béèrè owó básíkù lákọ̀tun. Ẹ jẹ́ kí ó yé kọ̀ńdọ́ àkọ́kọ́ pé bí òun bá fà yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun ni yóò san ti básíkù. Ẹ ní ṣẹ́ńjì lọ́wọ́, kí ẹ sì san owó ara yín àti owó básíkù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà sí èyí tó ṣẹ́kù tí wọn yóò tún máa bá yín fà ní ojú ọ̀nà.

Bí irú ti Ọjọ́rú bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe bá a jà ní Mile 12, níbi tí ẹ ti lè pàdánù básíkù pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì padà lọ sọ fún alága gáréèjì tí ẹ ti wọkọ̀. Òun ni ó mọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, ẹjọ́ tí a bá sì mú dé iwájú rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ tó ti ọ́fíìsì. Bí kò bá dá yín lóhùn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, LASCOPA ni wọ́n ń pè é. Ti ìjọba àpapọ̀ ni FCCPC. Àwọn méjèèjì ni ó ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ará ìlú.

Ẹ̀yin náà lè mú kí básíkù yín kéré lójú kọ̀ńdọ́. Ẹ yọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ básíkù tòkunbọ̀ ni ó ní ìdè tí a lè fi ọwọ́ lásán tú, èyí tí kò bá sì ní in kò ju kí ẹni tó ń fi irinṣẹ́ jẹun bíi tiyín mú sípánà kan dání lọ. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ kí ó tò mọ́ ara rẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ tí ẹ yọ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi rọ́bà tùúbù dì wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn wé ṣéènì àti ibi tí ó gbé kọ́ títí tí gírísì kò fi ní hàn síta rárá. Básíkù tí a ṣe báyìí máa ń wọ ẹ̀yìn danfó láìjẹ́ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ó sì ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti pè é ní èrò méjì.

Ẹ tún jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò kan. Ká ní owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Kétu jẹ́ ₦1,000, tí básíkù sì ń san ìdajì rẹ̀ ní àlọ, tó tún ń san ìdajì ní àbọ̀. ₦1,000 ni básíkù ń gbà lọ́wọ́ yín lójúmọ́, èyí tí í ṣe ₦6,000 fún ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, àti ₦24,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fi iye tí ó jẹ́ gan-an lọ́dọ̀ yín sí i, kí ẹ sì gbé e ka ẹ̀gbẹ́ iye tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn ń ná yín tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá sún mọ́ra, ọ̀nà mìíràn wà. Ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tí básíkù ti wọ́pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í gbé básíkù wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nílé, wọ́n sì ní ògbólógbòó mìíràn tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà kì í parí lọ́jọ́ kan. Bí iṣẹ́ Ògùdù yìí yóò bá gbà yín ní oṣù mélòó kan, tí mégádì tí ẹ fọkàn tán sì wà ní Kétu, ògbólógbòó básíkù kan tí ẹ bá ń gùn lọ gùn bọ̀ láàárín Kétu àti Ògùdù, tó ń sùn lọ́dọ̀ mégádì náà, lè san owó ara rẹ̀ padà kí oṣù méjì tó pé.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, dẹ́rẹ́bà danfó ni mí, Ìkòròdú sí Ọjọ́ta ni mo ń ná. Àwọn èrò máa ń rò pé ojúkòkòrò ni a fi ń gba owó básíkù. Ní ọdún tó kọjá, ṣéènì básíkù kan fi gírísì kun aṣọ léèsì funfun tí ìyá kan wọ̀ lọ sí òde, èmi ni ìyá náà dì mú, èmi ni mo sì san owó fífọ̀ aṣọ. Ọwọ́ básíkù mìíràn ti fa síìtì mi ya. Nígbà mìíràn, èrò tó bá rí básíkù lẹ́yìn orí rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé mi. Ta ni yóò san gbogbo ìyẹn fún mi?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, nítorí àwọn èrò nìkan ni ó sábà máa ń kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹjọ́ yín tọ́ ní apá kan. Síìtì tó ya àti aṣọ tó bàjẹ́ jẹ́ ìnáwó gidi, kò sì yẹ kí ó wà lọ́rùn yín nígbà tí ẹlẹ́rù kò di ẹrù rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé básíkù tí ṣéènì rẹ̀ kò bá ní ìbòrí kò ní wọ ọkọ̀ yín, ohunkóhun tí ẹlẹ́rù ì báà fẹ́ san. A gbà pẹ̀lú pé ó lè ju ìdajì owó èrò lọ bí básíkù bá wọlé lódindi, tó sì ta ọwọ́ sí orí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gba owó lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ gbà á sọ́wọ́. Ẹni tó san owó ẹrù ti fi ẹrù náà sí abẹ́ ìtọ́jú ọlọ́kọ̀ títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gbé apò sìmẹ́ǹtì lé súpókù básíkù mọ́lẹ̀ tí súpókù fi tẹ̀ kò lè sọ pé kò kan òun. Ohun kan wà tí owó kò sì lè tún ṣe: danfó tó ń sáré pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí, tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa básíkù mọ́ra. Àwọn ọlọ́kadà máa ń tẹ̀ lé danfó pẹ́kípẹ́kí ní ọ̀nà Ìkòròdú. Bí okùn bá já lórí eré, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni yóò san án, ó sì lè fi ẹ̀mí rẹ̀ san án. Básíkù tí kò bá wọ inú ọkọ̀ tán, ẹ má ṣe gbé e.

Èyí tí a fẹ́ bẹ̀ yín fún jù ni pé kí ẹ kọ iye náà síta. Pákó pẹlẹbẹ kan tàbí bébà tí a fi ọ̀rá bò, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tó sọ iye tí básíkù tí a tú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń san, àti iye tí èyí tó wà lódindi ń san. Kọ̀ńdọ́ yín kò ní nílò láti ro iye kankan, èrò yóò mọ̀ kí ó tó wọlé, ẹni tí kò bá sì fẹ́ san án yóò dúró de ọkọ̀ mìíràn ní ìrọ̀rùn. Bí ẹ̀yin mẹ́wàá ní gáréèjì kan bá ṣe é, ọ̀rọ̀ básíkù yóò dà bíi ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí a sọ ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, ó sì fẹ́ máa gbé básíkù rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò. Ọlọ́kọ̀ kan ní kí ó san owó èrò kan lé e, ẹnìkan ní òun kò ní gbé e rárá. Ṣé wọ́n lè kọ̀ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, wọ́n lè kọ̀ ọ́, ó sì yẹ kí ẹ yọ̀ pé ẹnìkan kọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe danfó. Nínú danfó, àyè ni à ń jà lé. Lórí omi ọ̀sà, ìwúwo àti bí ẹrù ṣe tò ni ó ń gbé ẹ̀mí ró. Básíkù kan kò wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e lé etí ọkọ̀ kékeré, tàbí tí wọ́n gbé e dí ọ̀nà tí èrò yóò gbà jáde bí ewu bá dé, ó ti di ohun tó lè pa ènìyàn. Nítorí náà, bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní òun kò gbà á, kí ọmọ yín má ṣe rọ̀ ọ́, kí ó má sì ṣe fi owó rọ̀ ọ́.

Ní ti ẹni tó béèrè owó èrò kan, bí ọkọ̀ náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí básíkù yóò fi dí àyè ẹnìkan, a kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, ní pàtàkì bí ó bá tìtorí rẹ̀ dín èrò kù ní ẹnìkan. Bí kò bá dín èrò kù, tó kó iye èèyàn tó máa ń kó tẹ́lẹ̀, tó tún wá gbé básíkù lé e, kí ọmọ yín má ṣe wọ ọkọ̀ náà, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀wù ìléfòó gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó sì so ó dáadáa, kì í ṣe kí ó gbé e lé itan. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó láyè lè gbé básíkù láìsí ìnira. Ọkọ̀ ojú omi Staten Island ní New York, tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò lójúmọ́, máa ń gbé básíkù ní ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Títóbi ọkọ̀ náà ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì sọ pé òun máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún básíkù òun nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Denmark sọ pé ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ tòun. Ta ni ó ń sọ òtítọ́, kí sì ni ó fà á tí kò fi rí bákan náà? Owútù ni mo ti ń kọ̀wé.

ÌDÁHÙN: Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ní Jámánì, básíkù tí a kò ká máa ń ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin, èyí tó sì ń sáré jù lọ lára wọn, ICE, gbọ́dọ̀ ní àyè tí a ti gbà sílẹ̀ fún básíkù ṣáájú ìrìnnà. Ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ọkọ̀ ojú irin S-tog tó ń kó èrò wọ àárín ìlú sọ gbígbé básíkù di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, ọkọ̀ Metro ṣì ń gba owó lórí básíkù, kò sì gbà á wọlé nígbà tí èrò bá pọ̀ jù. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ yín pàápàá lè sanwó lọ́jọ́ tó bá wọ Metro.

Ìdí tí kò fi rí bákan náà ni àyè àti àkókò. Nínú S-tog, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún básíkù, àyè náà sì wà níbẹ̀ yálà ẹnikẹ́ni lò ó tàbí kò lò ó. Gbígba básíkù kan sí i kò ná wọn ní ohun tó pọ̀, èrò tó sì mọ̀ pé òun lè gbé básíkù wá lọ́fẹ̀ẹ́ lè fi ọkọ̀ ti ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ní Netherlands, owó ojúmọ́ kan ni básíkù ń san nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sì yàtọ̀ bí ìrìnnà gùn tàbí bí ó kúrú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì kò gbọ́dọ̀ wọlé láàárín aago 6:30 sí 9:00 àárọ̀, àti láàárín aago 4:00 sí 6:30 ìrọ̀lẹ́, àfi ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní ìsinmi. Ní London, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í gba owó kankan lórí básíkù, ṣùgbọ́n àwọn ihò tó jìn jù kò gbà á, àwọn tó gbà á kò sì gbà á ní wákàtí tí èrò bá pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú ni ó ní irin ní iwájú, níta, tí èrò fúnra rẹ̀ yóò gbé básíkù kọ́, méjì tàbí mẹ́ta, láìsanwó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi kan wà, bíi London, tí wọn kì í gba owó, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dín wákàtí tí básíkù lè wọlé kù. Níbi gbogbo tí a dárúkọ wọ̀nyí tí ọkọ̀ ojú irin wà, básíkù kékeré tí a lè ká pọ̀ bí àpótí jẹ́ ẹrù ọwọ́ lásán, kì í san ohunkóhun.

Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tún ní ìlànà kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2021/782, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó gbà kí ọkọ̀ ojú irin gba owó lórí básíkù, ṣùgbọ́n owó náà gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu, ó sì sọ pé àwọn ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó fún básíkù.

A kò sọ gbogbo èyí kí ẹ lè lọ fi bá kọ̀ńdọ́ danfó jà. Danfó ní ìjókòó bíi mẹ́rìnlá, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ọkọ̀ lálaalẹ́. Kò sí àyè òfìfo nínú rẹ̀ bíi ti S-tog. Ibi tí ó yẹ kí a gbé àpẹẹrẹ wọ̀nyí lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ ńlá. Ọ̀nà BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, gùn tó kìlómítà 13.5. Ẹni tó ń gbé ní Ìjẹ̀dẹ́, Báyékù tàbí Ìgbógbo ní láti náwó lórí ọkadà tàbí kórópe kí ó tó fojú kan bọ́ọ̀sì náà. Bí ibùdó tí a fi páànù bò, tó ní irin tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ so básíkù mọ́, tó sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wa kò ní nílò láti gbé básíkù wọ ọkọ̀ kankan. Wọn yóò gùn ún dé ibẹ̀, wọn yóò so ó, wọn yóò san owó ìṣọ́ tó kéré, wọn yóò sì bá a níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò gba ilẹ̀ púpọ̀, nítorí pé àyè tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan fi ń dúró lè gba básíkù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wù wá gidigidi kí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àwọn oníṣòwò tó ní ilẹ̀ ní àyíká ibẹ̀ dán an wò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra básíkù ọmọ ọdún mẹ́rin fún ọmọ ọmọ mi ní Kétu. Kọ̀ńdọ́ ní kí n sanwó ẹrù, bẹ́ẹ̀ orí itan mi ni mo gbé e lé títí tí a fi dé Agric. Mo san án, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ó yẹ kó dùn yín. Ohun tí èrò gbé lé itan ara rẹ̀, tí kò ta ọwọ́ sí ẹnìkejì, ẹrù ọwọ́ ni, bíi báàgì tàbí bí ọmọ ọwọ́. Ẹ ti san owó ìjókòó tí ẹ fi gbé e. Bí ẹ bá tún ń ra irú rẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó tà á fún yín yọ pẹ́dà méjèèjì àti àwọn ẹsẹ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó kó wọn sínú ọ̀rá fún yín. Yóò fúyẹ́ lórí itan yín, kò sì ní há mọ́ aṣọ ẹni tó jókòó tì yín.